Kí A Tó Fi Ọ̀rọ̀ Sójú Gúrúùpù: Bí WhatsApp Àdúgbò Ṣe Ń Rí Lára Wa ní Òkè-Aró

Ẹnu ààlà ni Òkè-Aró wà. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn ló ni ín, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìjù-Ìṣágà wọlé kì í mọ ibi tí Èkó parí sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Àkúté, Láńbẹ̀, Mátògún àti Àgbàdó. Mówè àti Ìbàfò jìnnà díẹ̀ sí wa, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, àmọ́ ìgbésí ayé kan náà ni: Èkó ni a ti ń wá oúnjẹ òòjọ́, Ògùn ni a ti ń sùn. Owó ilẹ̀ Èkó ló ga ju agbára lọ tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ra pulọ́ọ̀tì kan tàbí ìdajì pulọ́ọ̀tì lápá ibí, tí wọ́n kọ́lé díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n sì kó wọ inú rẹ̀ kí wọ́n tó rẹ́ ògiri tán. Láti aago mẹ́rin ìdájí ni baálé ilé ti ń jáde kó má bàa há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, àwọn ọmọ á sì ti sùn kó tó padà. Èèyàn méjì lè jọ pín fẹ́ǹsì kan fún ọdún mẹ́ta kí wọ́n má mọ ojú ara wọn dáadáa.

Ibi tí WhatsApp ti rí ààyè wọlé nìyẹn. Ẹgbẹ́ onílé, tí ìjọba ń pè ní CDA, máa ń ṣe ìpàdé lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n tiransifọ́mà kì í dúró de ọjọ́ ìpàdé kó tó jó, òjò kì í sì í dúró dè é kó tó gbé afárá lọ. Láàárín ìpàdé kan sí èkejì, orí fóònù ni àdúgbò ti ń fojú kanra. Níbẹ̀ la ti ń gbọ́ pé iná ti dé, pé ọmọ kan sọnù, pé àwọn ọlọ́kadà ti fi owó kún owó ọkọ̀, pé ojúlé kan kò tíì san owó ọdẹ. Ìgbà tí ará ilé kan bá kú, ibẹ̀ náà la ti kọ́kọ́ ń gbọ́.

Gúrúùpù wọ̀nyí kò rí bí wọ́n ṣe rí nígbà tí a kọ́kọ́ dá wọn sílẹ̀. Ní 2016, èèyàn 256 ni WhatsApp gbà láyè nínú gúrúùpù kan. Ní 2022 wọ́n sọ ọ́ di 512, ọdún náà kò sì parí tó fi di 1,024. Onílé nìkan ló ń bẹ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ààyè gbòòrò, ayálégbé wọlé, onísọ́ọ̀bù wọlé, àwọn tó ra ilẹ̀ tí wọn kò tíì kọ́lé wọlé, àwọn ọmọ tó wà ní òkè òkun tí wọ́n kọ́lé fún ìyá wọn náà wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀ lónìí kò mọ gbogbo ẹni tó ń gbọ́ ọ mọ́. Láti ibẹ̀ ni ìnira tí mo fẹ́ ṣàlàyé ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe ń jáde. Ìyá kan ń gbé ìsàlẹ̀ òpópónà. Ẹnì kan lókè ń da ìdọ̀tí sí gọ́tà, gọ́tà ti dí, omi ti ya wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Inú ń bí i. Ó gbé fóònù, ó tẹ̀ ẹ́ pé, “Ẹni tó ń da ìdọ̀tí sí gọ́tà, Ọlọ́run ń rí i o.” Ó kà á, àyà rẹ̀ já, nítorí ojúlé méjì péré ló wà lókè, kò sì sí ẹni tí kò ní mọ ẹni tó ń bá wí. Ó pa á rẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀: “Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa. Alága wa, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ àwọn ará wa tó wà lókè.” Ó wò ó títí, ó yọ “tó wà lókè” kúrò, ó fi “gbogbo wa” dípò. Ó kọ “ẹ má bínú sí mi o” sí ìsàlẹ̀, ó fi àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé tì í. Ìgbà tó máa fi ránṣẹ́, iṣu tó gbé kaná ti jinná. Àmọ́ ẹ wo ohun tó kù nínú ọ̀rọ̀ náà: kò sí gọ́tà tó dí, kò sí ibi tó wà, kò sí ohun tó fẹ́ kí wọ́n ṣe. Ìtìjú ti gba ọ̀rọ̀ ọ̀hún lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìtìjú yẹn kì í ṣe àìgbọ́n o. Ojú lọ̀rọ̀ wà, Yorùbá ló sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ìpàdé ni ìyá yìí ti dìde, yóò rí alága tó mi orí, yóò gbọ́ kí àgbàlagbà kan húkọ́, ẹnì kan lẹ́yìn á sọ pé “òótọ́ ni, màmá,” ẹni tó ṣẹ̀ á sì máa wo ilẹ̀. Kí ó tó jókòó, yóò ti mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ òun wọlé. Ó tún lè rẹ ohùn sílẹ̀ nígbà tó bá rí i pé ojú ẹnì kan ti ń yí padà. Lórí fóònù, kò sí ọ̀kankan nínú gbogbo èyí. Ọ̀rọ̀ tó tutù lẹ́nu rẹ̀ lè gbóná lójú ẹni tó ń kà á nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ebi àárọ̀.

Lẹ́yìn tó bá fi ránṣẹ́ tán, ìdúró ló kàn. WhatsApp mú tíìkì méjì aláwọ̀ búlúù wá ní 2014. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ pé nínú gúrúùpù, tíìkì náà kì í di búlúù àfi ìgbà tí gbogbo ọmọ gúrúùpù bá ti ṣí i. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá pa fóònù rẹ̀ tó sì lọ sí abúlé, eérú ni yóò máa wà. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá tẹ ọ̀rọ̀ tó kọ mọ́lẹ̀ tó sì lọ síbi àlàyé rẹ̀, orúkọ àwọn tó ti kà á á jáde pẹ̀lú aago tí wọ́n kà á. Nínú ọ̀rọ̀ ẹni méjì, a lè pa tíìkì búlúù kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé a ti kà á. Nínú gúrúùpù, kò ṣeé pa. Ìyá wa á wá rí i pé alága ti kà á láti aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, akọ̀wé náà ti kà á, ẹni tó dí gọ́tà pàápàá ti kà á, síbẹ̀ gúrúùpù dákẹ́ lọ gbáà. Ọ̀rọ̀ tó sì tẹ̀lé tirẹ̀ ni ti ẹnì kan tó ń ta epo pupa. Ó máa ń dunni. Mo ti rí àgbàlagbà tó fi gúrúùpù sílẹ̀ nítorí irú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó bú u.

Mo fẹ́ kí àwọn tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ náà kì í sábà jẹ́ ẹ̀gàn. Alága lè wà lórí afárá Bẹ́ẹ̀jà, kó kà á lẹ́ẹ̀kan, kó sì pinnu pé bí òun bá délé lòun á dáhùn, kí oorun sì gbé e lọ. Ayálégbé rò pé ọ̀rọ̀ onílé ni. Ará ilé kejì kò fẹ́ kí wọ́n ní òun gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Ẹlòmíràn ra dátà ọjọ́ kan, ó sì ń ṣọ́ ọ lò. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n gbọ́ Yorùbá yékéyéké, tí wọ́n lè bá ọba sọ̀rọ̀ láìdákẹ́, ṣùgbọ́n tí kíkọ rẹ̀ sílẹ̀ lójú àwọn olùkọ́ àti agbẹjọ́rò àdúgbò ń tì wọ́n lójú. Àwọn wọ̀nyí ló máa ń fi ohùn ránṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ a máa kùn pé ohùn náà gùn jù. Èmi kò bá wọn kùn. Ẹni tó bá fetí sí ohùn bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún tó ń ṣàlàyé ibi tí odò máa ń gbà kọjá kí wọ́n tó kọ́lé dí i, yóò gbọ́ ohun tí kò sí lórí máàpù kankan.

Ibí yìí náà ni mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àdúrà àárọ̀. Àwọn kan ń bínú sí i: àwòrán òdòdó, ẹsẹ Bíbélì tàbí àyọkà láti inú Àlùkùránì, “ẹ ṣe àmín bí ẹ bá gbàgbọ́.” Wọ́n ní ó ń kún fóònù àwọn. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń kún un. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa, ẹni tó jí tí kò kí ará ilé, a máa ń bi í léèrè pé ṣé kò sí o. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi àdúrà ránṣẹ́ láràárọ̀ jẹ́ àgbàlagbà tó dá gbé ilé, àwọn ọmọ wọn wà ní Kánádà tàbí Ìlú Ọba. Ohun tí wọ́n ń sọ fún wa ni pé àwọn jí. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dákẹ́ fún ọjọ́ méjì, ó yẹ kí ẹnì kan lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó sàn kí fóònù kún díẹ̀ ju kí a má mọ̀ lọ.

Gbígba ọ̀rọ̀ ẹni tí a kò rí gbọ́ kò bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù láàárín wa. Ní 1929, Isaac Babalọlá Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Obìnrin náà ń ròyìn ayé ìgbádùn tó ti jẹ àti ìyà tó ń jẹ ẹ́ lórí àìsàn. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Àmọ́ àwọn òǹkàwé gbà pé ẹni gidi ni, wọ́n ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn náà, àánú rẹ̀ sì ń ṣe wọ́n. Ohun tó mú un dà bí òótọ́ ni pé ó mẹ́nu ba àdúgbò Èkó tí wọ́n mọ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ìyá tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ náà ló ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó bá wọ gúrúùpù pẹ̀lú orúkọ òpópónà wa mú wa lọ́kàn kíákíá.

Ní òru mọ́jú ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí Ebola ti wọ Èkó, ọ̀rọ̀ kan rìn káàkiri Nàìjíríà pé kí gbogbo èèyàn fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀. Àwọn ìyá ń pe ọmọ wọn lóru. Aládùúgbò ń kan ilẹ̀kùn aládùúgbò. Àjọ ìlera àgbáyé jáde sọ pé irọ́ ni, àmọ́ àwọn èèyàn ti mu omi iyọ̀, ìròyìn sì wá láti Jọ́ọ̀sì pé ó pa àwọn kan, ó sì gbé àwọn mìíràn dé ilé ìwòsàn. Ẹ jẹ́ ká rántí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́: ìyá tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ ni. Ìfẹ́ ló gbé irọ́ yẹn dé ẹnu ọ̀nà wa. Ohun tó ń lọ lọ́kàn ẹni tó ń fi irú rẹ̀ ṣọwọ́ ni pé bó bá jẹ́ irọ́, kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Bó bá sì jẹ́ òótọ́ tí mo dákẹ́, ẹ̀jẹ̀ wọn wà lọ́rùn mi. Apá kìíní èrò yẹn ni kò tọ̀nà. Omi iyọ̀ pa èèyàn.

Lápá ọ̀dọ̀ wa níbí, oṣù kẹrin ọdún 2020 ni mo máa ń rántí. Ìjọba ti ti Èkó àti Ògùn pa nítorí kòrónà, owó kò wọlé mọ́, ebi ń pa èèyàn. Ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ọdún náà, ọ̀rọ̀ gba Agége, Ìjù, Àgbàdó, Sàngó-Ọ̀tà títí dé ọ̀dọ̀ wa pé àwọn ọmọ ìta tí wọ́n ń pè ní One Million Boys àti Awáwà ń bọ̀ lálẹ́, pé wọ́n ti kọ lẹ́tà, pé wọ́n ti dé òpópónà kejì. Ojoojúmọ́ ni àwọn ọkùnrin ń jáde pẹ̀lú àdá àti igi, wọ́n ń jó táyà sí oríta, wọ́n ń ṣọ́ ilé mọ́jú. Ìdigunjalè wáyé níbòmíràn lóòótọ́, ọlọ́pàá sì mú ọ̀pọ̀ àwọn afurasí. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́pàá tún sọ pé ọ̀pọ̀ nínú ariwo náà jẹ́ àhesọ lásán.

Ẹ wo bí irú àhesọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹnì kan gbọ́ ariwo níbì kan, ó fi ohùn ránṣẹ́: “Wọ́n ti dé o! Wọ́n ti wọ ọ̀nà wa!” Kò sọ ọ̀nà wo. Ẹni tó gbà á gbé e lọ sí gúrúùpù ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì gbé e lọ sí gúrúùpù òpópónà tirẹ̀. “Ọ̀nà wa” tó jẹ́ Agége níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ ti wá di Òkè-Aró, ó tún di Ìfọ̀. Àwọn tó gbọ́ ọ ń jó táyà, àwọn àdúgbò kejì rí èéfín, wọ́n sì kọ ọ́ pé àwọn rí iná. Ẹ̀rù ti di ẹ̀rí fún ẹ̀rù. Ewu tó wà níbẹ̀ sì tóbi ju àìsùn lọ, nítorí ọmọkùnrin tó bá pẹ́ lọ́nà lálẹ́ ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n láàárín àwọn tó mú àdá dání, ti di olè nìyẹn.

Ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún náà gan-an, ní ọjọ́ díẹ̀ kí ariwo yẹn tó le, ni WhatsApp kéde pé ọ̀rọ̀ tó bá ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kò ní ṣeé fi ránṣẹ́ ju ibì kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Láti 2019 ni wọ́n ti dín ti ọ̀rọ̀ yòókù kù sí ibi márùn-ún. Wọ́n sọ lẹ́yìn náà pé ìgbésẹ̀ yẹn dín irú àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kù ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo gbà wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í tẹ àmì ìfiṣọwọ́. Yóò fi ohùn ara rẹ̀ tún un sọ, yóò sì di ọ̀rọ̀ tuntun. Kò sí ẹ̀rọ tó lè dá a dúró níbẹ̀ àfi ẹni tó ń sọ ọ́.

Ìdákẹ́ náà tún ní ìyà tirẹ̀. Òkè-Aró ní ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó tóbi jù ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2020 kan náà, ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà wọ ibẹ̀, ó sì pa ẹlẹ́dẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Àìsàn náà kì í ran èèyàn, àmọ́ kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un nígbà náà. Aṣọ, bàtà, oúnjẹ àti ẹran tí wọ́n bá yára tà ló máa ń gbé e láti ilé ẹran kan sí èkejì. Ohun tó lè ran àwọn yòókù lọ́wọ́ ni kí ẹni tí tirẹ̀ kọ́kọ́ kú ké síta lọ́jọ́ yẹn kan náà. Ó ṣòro. Ẹni tó bá kọ ọ́ sójú gúrúùpù pé ẹlẹ́dẹ̀ òun kú mọ̀ pé oníbàárà kò ní yà sọ́dọ̀ òun mọ́, gbèsè báńkì sì wà nílẹ̀. Nígbà tí mo bá gbọ́ kí àwọn èèyàn máa sọ pé ẹnu àwa ará àdúgbò ti pọ̀ jù lórí WhatsApp, mo máa ń fẹ́ bi wọ́n pé, lórí kí ni? Ọ̀rọ̀ tí a kò fojú rí, a ń sọ ọ́ lọ títí. Èyí tí a fojú rí, tó sì lè kó wa yọ, ìtìjú àti owó ń dí wa lẹ́nu.

Ti àtúnṣe náà kù. Láti ìparí 2017 ni WhatsApp ti jẹ́ kí a lè pa ọ̀rọ̀ rẹ́ lójú gbogbo èèyàn, àkókò tí wọ́n fún wa láti ṣe é sì ti lé ní ọjọ́ méjì báyìí. Láti 2023, a tún lè yí ọ̀rọ̀ padà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Pípa rẹ́ kì í ṣe àtúnṣe. Ó máa ń fi àpá sílẹ̀ pé a ti pa nǹkan rẹ́, àwọn tí kò rí i á máa ro ohun tó burú jù, àwọn tó ti rí i sì ti gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé “ẹ̀yin ará wa, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá láàárọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, mo ti pe ẹni tó wà níbẹ̀, ẹ má bínú” ti ṣe iṣẹ́ ńlá, alága ló sì yẹ kó kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba kí ẹni kejì lè ní ìgboyà láti ṣe irú rẹ̀.

Àwọn alága kan ti rò pé kí àwọn ti gúrúùpù pa kí ádímínì nìkan máa kọ̀wé ló dára. Ó dára fún ìkéde owó tàbí nígbà ìdìbò. Fún gúrúùpù tí a fi ń ṣọ́ ara wa, kò dára rárá, nítorí aago méjì òru ni olè ń wá, ádímínì sì ti sùn. Ohun tó tọ́ ni gúrúùpù méjì: ọ̀kan tí a ti ń kí ara wa, tí a ti ń tajà, tí a ti ń gbàdúrà; èkejì tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ nǹkan sí àfi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin alága àti akọ̀wé wa ní Òkè-Aró, ní Mówè, ní Ìbàfò àti ní Ìfọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìbéèrè mẹ́ta sí ojú àlàyé gúrúùpù yín lónìí: níbo ni, ìgbà wo ni, ojú ta ló rí i? Ẹni tí kò bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó kọ́kọ́ pe ẹnì kan tó ń gbé ibẹ̀. Ẹni tó bá sì lè dáhùn wọn, kó má tijú, kó sọ ọ́ bó ṣe rí, kí àwa tó kà á sì dá a lóhùn, kódà kó jẹ́ pé “a ti gbọ́, màmá” ni. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ẹ̀mí, 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì ní Nàìjíríà, kò sì gba owó lórí fóònù ẹni tó bá pè é.